Ìborùn Tí Ìyàwó Tú

Báàgì kan ló dẹ́rù ba Ìyàwó. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ejò. Ó ní òun ní láti fara ti ẹ̀rọ ìfọṣọ kí òun má baà ṣubú lulẹ̀. Ó ní òun bímọ rí, òun sì rọbí títí kí òun tó bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ba òun níwájú ẹ̀rọ yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè fà sẹ́yìn.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Awakọ̀ ẹrù ni ọkọ rẹ̀, kì í sábà gbélé, nítorí náà òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jọ máa ń wà. Tí ẹ bá ń retí ìtàn ìyá ọkọ burúkú, ẹ lọ wá a síbòmíì. Màmá yìí dáa. Òun ló kọ́ Ìyàwó níṣẹ́ báàgì híhun, tó kọ́ ọ tọkàntọkàn bí ọmọ tó bí.

Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun báàgì wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ hun ún gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó tóbi ju báàgì lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó o sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ̀rọ á máa gbò ó, á máa súnkì, ojú ìhun á pòórá, á wá nípọn, á le, débi pé tí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, kò ní tú. Síse ni wọ́n ń pè é. Àlejò tí kò bá mọ̀ á ní, "Ẹ̀ ń se báàgì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Màmá á dá a lóhùn pé, "Jókòó dè wá, kò ní pẹ́ jinná."

Báàgì tó bá ti jinná, ó ti jinná nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè tú òwú rẹ̀ mọ́ láyé. Torí ẹ̀ ni Màmá ṣe ní òfin kan ṣoṣo: kó o tó se ńlá, kọ́kọ́ hun kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ láti ara òwú kan náà, kó o sè é wò. Irun àgùntàn gidi nìkan ló ń súnkì. Òwú ike tí wọ́n fi àwọ̀ tàn wá jẹ lọ́jà, ẹ sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, bó ṣe wọlé náà ló máa jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Ìyàwó. Báàgì tó bá hun, tí ọwọ́ ẹ̀ fi bó, tí ẹ̀yìn ń ro ó, oníbàárà á gbé e sókè, á ní, "Háà, Màmá, ọwọ́ yín ò ní rọ o!" Màmá á ní, "Ìyàwó mi ló ṣe é." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àgbà kàn ń ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Nígbà tí Màmá lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ni obìnrin kan wọlé. Màdáàmù ni kí ẹ jẹ́ ká pè é. Ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, èyí tó jẹ́ pé gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀. Ó gbé báàgì kan lórí tábìlì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ? Mo rò pé Màmá ni."

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń rò nìyẹn, mà."

Màdáàmù wò ó dáadáa. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ mi, nígbà náà. Báàgì ńlá kan ṣoṣo, tí màá gbé sójú gíláàsì lọ́jọ́ tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màá kọ orúkọ ẹni tó hun ún sábẹ́ ẹ̀. Orúkọ tìẹ o, kì í ṣe ti Màmá."

Ó ní orí òun wú débi pé òun ò gbọ́ ohun tó kàn.

Ohun tó kàn ni pé Màdáàmù fa àkísà aṣọ kékeré kan yọ. Búlúù ni, ó dúdú bí aró, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. "Àwọ̀ yìí ni wọ́n ń fi kun ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò fẹ́ èyí tó jọ ọ́ o. Òun gan-an ni mo fẹ́. Ṣé o lè ṣe é?"

Ẹnu Ìyàwó yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. "Mo lè ṣe é, mà."

Kò sí olówùú tí Ìyàwó kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkíní ní kò sí. Èkejì ní kó mú èyí tó fara jọ ọ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé àkísà náà sún mọ́ ojú, ó mi orí. "Àwọ̀ yìí? Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti ṣe é mọ́, ìyá mi. Lọ wá iṣẹ́ míì."

Inú yàrá Màmá ni àpótí kan wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìyàwó, torí Màmá ti sọ fún un pé, "Bá mi máa ṣí i kí atẹ́gùn máa wọ ibẹ̀, kí kòkòrò má baà jẹ ìborùn ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyàwó ló hun ìborùn yìí, àkọ́bí Màmá. Àìsàn gbé e dálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, orí ibùsùn ló sì ti ń hun ún. Ó ní, "Ìyá mi, tí òtútù bá mú yín tí mi ò sí ńlé, ẹ fi èyí bora." Ikú ò jẹ́ kó parí etí rẹ̀ kan. Màmá kì í fi jáde. Ìgbà tí ara rẹ̀ ò bá yá nìkan ló ń fi í bora, ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ọmọ pé, "Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, òun ni kí ẹ fi wé mi."

Ìyàwó ṣí àpótí náà lọ́jọ́ kejì láti jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ọ́. Ó rí ìborùn. Ó mú àkísà Màdáàmù jáde lápò, ó gbé e lé e lórí.

Kò mọ èwo ni èwo mọ́.

Ó pa àpótí dé, ó tì í, ó jáde. Ó gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Ó pa dà wọlé, ó tún ṣí i. Ó rí ihò bíńtín kan lára rẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ. "Ó kúkú ti ń bà jẹ́," ó sọ fún ara rẹ̀. "Màá tú u, màá fi hun báàgì. Tó bá yá, màá ní kí wọ́n pa òwú tuntun láró, màá hun ìborùn míì tó jọ ọ́. Ojú Màmá ò kúkú dá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Mo bi í bóyá èṣù ló tì í. Ó ní rárá o, òun ò fẹ́ pa irọ́ mọ́ èṣù, irọ́ tí òun ti pa tó.

Ó wá etí tí kò parí yẹn, ó fà á. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wọ́rọ́wọ́rọ́. Ohun tí aláìsàn fi ọ̀pọ̀ oṣù hun, ojúmọ́ kan ṣoṣo ló fi tú u. Bó ṣe ń ká a, ó dé ibì kan tí òwú náà ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní irun lára bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yẹ kó hun kékeré, kó sè é wò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n òwú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Tó bá yọ bí àtẹ́lẹwọ́ kúrò níbẹ̀, báàgì á kéré. Màmá ò sì sí ńlé tí á pariwo. Ó ń ká a lọ.

Ó ti hun ún dé ìdajì nígbà tí fóònù dún.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ wà dáadáa? Ọmọ ńkọ́?"

"A wà, Màmá. Ọmọ ń sùn."

"Ṣé o ń ṣí àpótí mi?"

Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, òwú búlúù ká a níka. "Mò ń ṣí i, mà."

"Ó ṣeun, ọmọ dáadáa. Òtútù ibí ti wọ̀ mí légungun. Ọkọ ẹ á gbé mi bọ̀, ó ní ọ̀nà òun gba ibí. Tí mo bá ti wọlé, kó o ti gbé ìborùn yẹn sórí ibùsùn dè mí o."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó ní ńṣe ló dà bíi kí òun ju abẹ́rẹ́ nù. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ jù nù? Ìborùn ti tú. Ó ń hun ún lọ, ó ń sáré hun ún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí táyà ọkọ̀ ọkọ òun jò lọ́nà. Ẹ gbọ́ àdúrà tí ìyàwó ilé ń gbà fún ọkọ rẹ̀!

Ọjọ́ tó se é, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Ó da omi gbígbóná, ó da ọṣẹ, ó ju báàgì sínú ẹ̀rọ, ó dúró tì í. Nígbà tó ṣí i, òkè báàgì ti kì, ó rẹwà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kì, ó le dáadáa. Àárín rẹ̀ ni kò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ̀, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn bàbá tó tú bẹ́líìtì.

Ó ní, "Kò tíì jinná ni." Ó dá a pa dà, ó tún omi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dà sí i. Nígbà tó tún yọ ọ́, òkè àti ìsàlẹ̀ ti súnkì sí i. Àárín wá rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibí yìí ló ti fara ti ẹ̀rọ náà. Ó ṣa fọ́nrán kan nílẹ̀, tó já nígbà tó ń tú ibi tó ń yọ̀ yẹn, ó ṣá iná sí i. Irun gidi á rùn bí irun orí tó jóná, á di eérú. Èyí yọ́, ó ká jọ, ó di kóró dúdú kan tó le.

Ike ni.

Báwo ni ike ṣe dé inú ìborùn Ẹ̀gbọ́n? Kò rí ìdáhùn, kò sì ráyè wá a, torí ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ níwájú ilé, ó sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀: "Ìyàwó! Ẹ wá gba ẹrù o!"

Ó ki báàgì tútù bọ inú korobá, ó da aṣọ ọmọ bò ó, ó sáré síta. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"O ti rù, Ìyàwó mi. Ṣé o ń jẹun? Lọ bá mi gbé ìborùn wá, ara mi ń gbọ̀n."

"Màmá, mo... mo sá a ni."

"O sá a? Ṣé omi kàn án ni?"

"Ó... òjò ta sí i díẹ̀, mà."

"Níbo ni òjò ti bá a nínú àpótí?"

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ bá mi ká a lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Bó tutù díẹ̀, mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ọkọ Ìyàwó jáde lọ. Ẹnu ọ̀nà sì ṣí, Màdáàmù ló wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ kúulé o! Ìyàwó, mo ní kí n kàn yọjú wo báàgì mi. Wọ́n ti kun ṣọ́ọ̀bù tán, ó rẹwà bí kí ni!"

"Báàgì wo nìyẹn?" Màmá ní.

"Àṣé ẹ ò mọ̀, mà? Iṣẹ́ ńlá ni mo gbé fún un. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀." Ó ní àkísà míì lápò, ó nà án sí Màmá.

Màmá gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ìyàwó ní ayọ̀ yẹn ló pa òun jù. "Àwọ̀ ìborùn ọmọ mi rèé! Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́jà. Ìyàwó mi, ọ̀dọ̀ ta lo ti rà á? Mo fẹ́ fi parí etí tó kù."

Ọkọ rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn. "Màmá, kò sí nǹkan lórí okùn o."

Màmá wo àkísà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá wo Ìyàwó. Ayọ̀ yẹn ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Lọ gbé báàgì náà wá," ó ní.

Kò sí irọ́ tó kù. Ó lọ gbé e. Omi ń kán láti ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Màmá gbé e lé itan, kò bìkítà pé aṣọ òun ń tutù. Ó fọwọ́ tọ́ òkè, ó fọwọ́ tọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé àárín tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó dúró.

Màdáàmù tẹ̀ síwájú láti wò ó. "Ṣé àṣà tuntun ni ti àárín yẹn?"

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọgbọ́n wá ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó ti wà lórí eékún. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ojú mi ló fọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ọkọ rẹ̀ ń bi í. "Kí lo ṣe?"

"Ìborùn ẹ̀gbọ́n rẹ ló tú," Màmá ní. Kò pariwo. "Ó ti sè é."

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ìborùn tí Màmá ní ká fi..." Ó jáde, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Màmá ń fi àtàǹpàkò pa àárín báàgì náà, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. "Ìwọ ò mọ ohun tí èyí jẹ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Òwú tán lọ́wọ́ ọmọ mi nígbà tó dé àárín. Mo wá a títí, ike nìkan ni mo rí, àwọ̀ rẹ̀ sì bá a mu. Ó bi mí, ó ní, 'Ìyá mi, ṣé irun gidi ni? Mo fẹ́ èyí tó máa mú yín móoru ni.' Mo wo ojú ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa dúró de èyí tí màá tún wá. Mo ní, 'Gidi ni, ọmọ mi.' Inú ẹ̀ dùn. Ó ń hun ún lọ. Ìgbà tí mo padà rí gidi, ó fi hun ìyókù, kò mọ̀ títí tó fi lọ. Mo ní kí irọ́ yẹn bá mi wọ ilẹ̀. Òun lo sè jáde yìí."

Ìyàwó ń sunkún, kò lè gbórí sókè.

"Gbé sísọ́ọ̀sì wá."

Màmá gé báàgì náà lókè, ó gé e nísàlẹ̀, ó yọ àárín tí kò jinná sọ́tọ̀. Ó ti èyí tó kù sí Ìyàwó lẹ́sẹ̀. "Gbé ìyẹn fún Màdáàmù rẹ. Kó kọ orúkọ rẹ sí i." Ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí òun wá. Kò ṣí àpótí náà. Ó jókòó, ó ń tú òwú ike yẹn ní fọ́nrán fọ́nrán, ó ń ká a títí ó fi di bọ́ọ̀lù kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Gbogbo ohun tó kù lára iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn, èyí tó fi tan ọmọ náà.

Ìyàwó ní kí n sọ fún yín pé Màmá dárí ji òun. Àwọn àgbà ilé bá òun bẹ̀ ẹ́, ọkọ òun sì pa dà bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Màmá ṣì ń pè é ní Ìyàwó mi. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ rò pé bí wọ́n bá ti dárí jini, ó ti tán, ẹ má ṣe gbára lé e. Ó ní ẹ̀rù tó wọ̀ òun lọ́jọ́ yẹn kò tíì jáde. Tí Màmá bá kàn húkọ́, òun á sáré lọ wò ó, torí ìborùn tí wọn ì bá fi wé e kò sí mọ́.

Ó lọ sí ọ̀nà jíjìn láti wá irun àgùntàn tó dára jù tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ó dán kékeré wò. Ó ṣá iná sí i, ó rùn bí irun orí, ó di eérú. Ó fi hun ìborùn tuntun, ó pa gbogbo etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé. Lọ́jọ́ tí òtútù mú Màmá, ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ lé e lára, ó ká a mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Màmá fọwọ́ pa á. "Ó rọ̀," ó ní. Ó pa á títí. "Ìyàwó mi, ṣé irun gidi lo fi hun ún?"

"Gidi ni, Màmá."

Màmá gbójú sókè, ó wò ó.

"Bí èmi náà ṣe dá ọmọ mi lóhùn nìyẹn," ó ní. Ó sì yí ojú sí ògiri.